Irin Tí Ń Kó Jọ Sínú Ẹ̀dọ̀ Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Gba Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ SS, ṣùgbọ́n àwọn tí a ní lọ́kàn jùlọ ni àwọn ará wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti ti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kwara: ẹ̀yin ará Òsì, Ọ̀bọ̀, Kóró, Èrúkù àti Àràròmí-Òpin, ẹ̀yin ará Ìlọ́fà, Odò-Ọwá, Ẹ̀kan àti Ìdọ̀fin. Ìdí tí a fi dárúkọ yín yóò yé yín bí a bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ gbígba ẹ̀jẹ̀ ti máa ń rí. Ibà á mú ọmọ fún ọjọ́ méjì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á funfun, ojú rẹ̀ á yọ ìyeyè, á sì máa mí gúlegúle. Nọ́ọ̀sì á gún un ní ìka, wọ́n á ní PCV rẹ̀ ti já wálẹ̀ pátápátá. Bàbá á sáré wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ọmọ mu, arákùnrin kan nínú ìjọ á na apá sílẹ̀ fún wọn, nígbà tí ilẹ̀ yóò bá sì fi mọ́, ọmọ á ti ní òun fẹ́ mu ògì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a óò jẹ́rìí, a óò sì jó ijó ọpẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà gba ẹ̀mí là, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ka ìwé yìí tán kí ó wí pé àwa ni a ní kí òun má gba ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ òun mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan bá ẹ̀jẹ̀ yẹn wọ ara ọmọ náà, tí kò ní jáde mọ́ bí a kò bá wá ọ̀nà ìjáde fún un. Irin ni ohun náà.

A kò sọ̀rọ̀ irin ọkọ́ àti àdá o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n ní ìpilẹ̀. Irin wínníwínní tí ojú kò lè rí ni Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti máa gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú kiri gbogbo ẹ̀yà ara. Òun náà ni ó fún ẹ̀jẹ̀ ní àwọ̀ pupa rẹ̀. Gbogbo irin tí ó wà lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò ju gíráàmù 3 sí 4 lọ, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó ìwọ̀n ìṣó kan tí kápẹ́ńtà fi ń kan pákó. Nínú oúnjẹ tí a ń jẹ lójúmọ́, mílígíráàmù 1 sí 2 péré ni ara ń gbà wọlé, ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń bá awọ ara tí ó ṣí àti ìgbẹ́ jáde. Bí Ẹlẹ́dàá ti wọ̀n ọ́n nìyẹn, wíwọlé rẹ̀ àti jíjáde rẹ̀ dọ́gba.

Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ńkọ́? Irin tí ó wà nínú rẹ̀ tó mílígíráàmù 200 sí 250. Ẹ jẹ́ kí a fi mílígíráàmù 1 lójúmọ́ ṣírò rẹ̀: ohun tí oúnjẹ ń gbé wọ inú ara fún oṣù méje tàbí mẹ́jọ ni ó wọlé láàárín wákàtí mélòó kan yẹn. Ẹni tí ó bá ti gba àpò 20 láti ìgbà èwe rẹ̀ ti gba irin tí ó tó gbogbo èyí tí ó yẹ kí ó wà lára àgbàlagbà kan, tàbí tí ó tilẹ̀ jù ú lọ. Ara kò sì ní ẹnu ọ̀nà tí ó lè gbà tì í jáde. Ìtọ̀ kò gbé e, òógùn kò gbé e tó nǹkan.

Ẹ̀yin mìíràn lè béèrè pé ṣebí ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS ń run lójoojúmọ́, kí ni irin fẹ́ ṣe kí ó tó pọ̀ jù lára rẹ̀? Ìbéèrè tí ó dára ni. Ẹ̀jẹ̀ pupa kì í pẹ́ láyé. Ti ẹni tí ó jẹ́ AA ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí ó bá ti run, ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú u palẹ̀, wọn a sì yọ irin inú rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ara kì í da irin nù rárá. Nítorí náà, irin ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tí ó run ṣì wà nínú ilé, kò lọ síbì kan. Irin ẹ̀jẹ̀ tí arákùnrin ìjọ fi ta á lọ́rẹ ni ó wá kún un. Bí ẹ̀jẹ̀ àlejò náà bá gbó tí ó túká, irin rẹ̀ á jókòó ti ti onílé.

Ẹ̀dọ̀ ni ilé ìpamọ́ tí ara ń kó o sí. Ó ní ibi tí ó ń dì í pamọ́ sí tí kò fi ní í pa ẹnikẹ́ni lára, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá kó àgbàdo sínú àká. Àká sì lè kún. Irin tí kò bá ríbi wọ̀ mọ́ á wá máa jó ẹ̀dọ̀ lára, ibi tí ó bá jó á di àpá, àpá á le, títí tí ẹ̀dọ̀ yóò fi sún kì bí awọ gbígbẹ tí kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti kún, irin á tún máa wọ ọkàn, á wọ ẹ̀yà ara tí ó ń mójú tó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, á sì wọ àwọn tí ó ń mú kí ọmọ dàgbà kí ó sì bàlágà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kò sí àpò ẹ̀jẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé èyí ni ó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ohun tí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ẹ̀dọ̀ kì í ké. Egungun ọmọ SS á ké, a óò sì gbọ́. Orí á fọ́ ọ, ẹ̀yìn á dùn ún, a óò mọ̀. Ẹ̀dọ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó má sọ nǹkan kan, nígbà tí ikùn àti ẹsẹ̀ bá sì fi bẹ̀rẹ̀ sí wú, ọjọ́ ti lọ. A kò tún lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ojú ọmọ SS tí ó yọ ìyeyè lè jẹ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń run, ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro, ó lè jẹ́ kòkòrò ẹ̀dọ̀ irú B, ó sì lè jẹ́ irin. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó bàlágà, SS fúnra rẹ̀ a máa fa ìyẹn, irin náà a sì máa fà á. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn tí gbogbo ayé kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lára wọn kì í ṣe àwa. Ní erékùṣù Kípírù, ilẹ̀ Bánábà tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, àti ní Gíríìsì àti Ítálì, àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá kan wà tí wọ́n ń pè ní thalassaemia. Ọmọ tí ó bá ní èyí tí ó le nínú rẹ̀ kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó tó o gbé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Kí oògùn tí ń yọ irin tó dé, ẹ̀jẹ̀ náà a máa gbé wọn dé ìgbà ọ̀dọ́, irin tí ó ti kó sínú ọkàn wọn a sì máa mú púpọ̀ nínú wọn lọ ní bí ọmọ ogún ọdún. Ti SS yàtọ̀ díẹ̀, nítorí irin kì í tètè wọ ọkàn wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń kó sí jù.

Ẹ lè wí pé ọmọ tiyín kì í gba ẹ̀jẹ̀ ní oṣooṣù, ìgbà tí àìsàn bá dé nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ SS ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí dókítà ń ní kí wọ́n máa gbà á déédéé, pàápàá nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. Àrùn àgbà ni a mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ó ń mú ọmọ SS ọlọ́dún márùn-ún. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ láti gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré tó nínú ọpọlọ. Ní 1998 ni wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí 130 ọmọ tí ẹ̀rọ yìí fi hàn pé rọpárọsẹ̀ fẹ́ mú wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Nínú àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé, ọ̀kan ṣoṣo ni ó mú. Nínú àwọn tí kò gbà á, mọ́kànlá.

Nílé níbí, ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìkéolúwa Lágúnjú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde ní 2013 nípa ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ déédéé sí àwọn ọmọ SS lára kí rọpárọsẹ̀ má baà mú wọn, tàbí kí ó má baà padà sára àwọn tí ó ti mú. Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé ni èyí tí a ń sọ yìí gan-an: ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́ kò tó, irin ń kó jọ sára àwọn ọmọ, oògùn tí yóò yọ irin náà sì wọ́n ju ohun tí òbí lè rà lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni UCH o, àwọn oníṣègùn tí ó wà níbẹ̀ sì mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ni ó gbé wa padà sí Òsì àti Ìlọ́fà. Agbègbè yín wà ní etí Ìpínlẹ̀ Kwara, Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Kogi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá tán lóru, ibi tí mọ́tò bá kọ́kọ́ rí ni a ń lọ. Lónìí ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ní Òmù-Àrán. Lọ́dún tí ó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn ará Èrúkù àti Kóró a máa lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ní ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì SIM dá sílẹ̀ ní 1952. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù, wọn a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òyì. Bí ọmọ bá tún lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Èkó, ó lè gba òmíràn níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, káàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún. Dókítà kọ̀ọ̀kan rí àpò kan tàbí méjì, kò sì sí èyí tí ó rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí wọ́n bá bi ìyá ọmọ, á ní ó ti ṣe díẹ̀. Díẹ̀ yẹn lè jẹ́ mẹ́rìnlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ni ìṣirò yìí wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má baà bà á jẹ́, kí ẹ sì máa gbé e pẹ̀lú káàdì ọmọ. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gba ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà, ìlú àti ilé ìwòsàn, ìwọ̀n ọmọ náà ní kílò, PCV rẹ̀ kí ó tó gbà á àti lẹ́yìn rẹ̀, àti ohun tí ó fà á. Ẹ má kọ àpò nìkan. Ọmọ kékeré kì í gba odidi àpò, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé mílílítà mélòó ni ó wọlé. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ ní kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi bá yín kọ ọ́. Fún èyí tí ó ti kọjá, ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ yín àti ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ rántí gbogbo rẹ̀, láti ìgbà ìbà ọdún àkọ́kọ́ wá. Àgbàlagbà tí ó bá ti gba àpò 10 sí 20 ti wọ ibi tí ó yẹ kí dókítà máa ṣọ́ irin rẹ̀. Ti ọmọdé kì í tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó pọ̀ jù, nítorí ara rẹ̀ kéré.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a fẹ́ bá yín sọ ni ti oògùn ẹ̀jẹ̀ inú ìgò, èyí tí ó pupa, tí ó dùn, tí gbogbo kẹ́míìsì ń tà ní tóníìkì. Ní ti èyí, a kò ní pọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́nu rárá. Ìyá tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ SS ni ó ń rà á jù, ó ń fún un ní ṣíbí kan ní àárọ̀ àti ní alẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Irin ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ti rí i pé irin kọ́ ni ọmọ SS ṣàìní, àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn bẹ́ẹ̀ tí dókítà sì fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tí ó ti gba ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó tún ń mu tóníìkì onírin ń fi ẹrù kún ẹrù. Èyí tí ó yẹ ọmọ SS lójoojúmọ́ ni fólíìkì, oògùn kékeré oníyeyè tí wọ́n ń fún wọn ní ilé ìwòsàn. Fólíìkì kì í ṣe irin, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: oògùn tí wọ́n ń fún aboyún, irin àti fólíìkì ni wọ́n sábà ń pò pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe bu èyí tí ìyá gbà bọ̀ láti ibi ìwòsàn aboyún fún ọmọ SS nínú ilé. Ẹ̀yin aboyún fúnra yín, ẹ máa lo tiyín bí wọ́n ti ní kí ẹ lò ó, ìkìlọ̀ yìí kò kàn yín.

Ẹ̀fọ́ kò ní wàhálà, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ tẹ̀tẹ̀ àti úgú bí àwọn yòókù. Omi poroporo ọkà bàbà ni kí ẹ fi lọ dókítà kí ẹ tó máa fún ọmọ tí ń gba ẹ̀jẹ̀, nítorí òun náà ní irin. Vitamin C onímílígíráàmù 1,000 tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu bí súwíìtì a máa ti irin wọ ara, ó sì lè rú èyí tí ó wà nílẹ̀ sókè. Ní ti àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ mọ́, a kò tíì rí ẹ̀rí kankan pé ó ń yọ irin, àwọn mìíràn nínú wọn a sì máa pa ẹ̀dọ̀ lára. Ẹ bèèrè bí ọmọ yín bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò ẹ̀dọ̀ irú B. 2004 ni ìjọba fi í kún àwọn àjẹsára ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà, èyí túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ó jẹ́ SS ni kò gbà á.

Àyẹ̀wò tí a kọ́kọ́ ń ṣe ni ferritin. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà fún un, ó sì ń fi iye irin tí ó wà ní ìpamọ́ hàn. Bí ó bá ti ń kọjá 1,000 léraléra, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa oògùn. A ní léraléra, nítorí ibà àti ìrora SS a máa gbé ferritin sókè fúnra wọn. Ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ara ọmọ ń ro ó, ìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Èyí tí ó dájú jù ú lọ ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI wo ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò sọ iye irin tí ó wà nínú rẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kan ara. Kì í ṣe gbogbo ibi tí ó ní ẹ̀rọ náà ni ó mọ bí a ti ń fi ka irin, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jù láti sọ láàárín àwa onígbàgbọ́. Odò-Ọwá tí a dárúkọ lókè ni wọ́n ti bí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904. Kò sí ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò jẹ nínú ohun tí Ọlọ́run ṣe nípasẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930. Ògo yín ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbé orúkọ rẹ̀ dání láti wí pé ẹni tí wọ́n bá ti gbàdúrà fún kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ìwòsàn mọ́, pé ọmọ SS tí ó ti gba ìwòsàn kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí lo oògùn. Nígbà tí Wòlíì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àbíkú ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ yìí nílẹ̀ wa. 1949 ni Linus Pauling àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ó hàn sí wa pé àwọn baba wa kò tíì ní ìmọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí.

A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run lè wo SS sàn. A tún gbàgbọ́ pé ìwòsàn tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá kì í sá fún àyẹ̀wò. Àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù orí 17, kí ni Olúwa ní kí wọ́n ṣe? Ó ní kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, àwọn tí òfin fún ní àṣẹ àti wo ara wọn kí wọ́n sì sọ bí ó ti rí. Nítorí náà, kí ọmọ náà lọ fi ara rẹ̀ han àwọn tí ń wo ẹ̀jẹ̀. Bí genotype rẹ̀ bá ti yí padà, ìwé wọn yóò sọ ọ́, a óò sì jó. Bí kò bá tíì yí padà, kí ó máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí dókítà ti wí. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2005 jẹ́ ẹ̀rí lórí èyí. Àwọn ọmọ 79 ni, tí gbígba ẹ̀jẹ̀ déédéé ti mú kí ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ wọn padà bọ̀ sípò, tí ara wọn ti dá. Wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún 41 nínú wọn. Mẹ́rìnlá padà sínú ewu, rọpárọsẹ̀ sì mú méjì. Kò sí ìkankan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nínú àwọn 38 tí wọ́n ń bá a lọ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó bá ní kí ìyá kan dá ẹ̀jẹ̀ dúró láìbi dókítà kò mọ ẹrù tí òun ń gbé lé ara òun lórí.

Ọ̀nà wà láti dín irin kù láìdá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ bi dókítà bóyá ó lè ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ náà, ìyẹn ni pé kí wọ́n fa díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ SS rẹ̀ jáde bí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ tuntun wọlé. Irin tí ó bá èyí jáde ń dín èyí tí ó wọlé kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbà pọ̀ ju ti fífà sí lára lásán lọ, níbẹ̀ ni ìjọ ti lè ṣe ìrànwọ́. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́rin. Ìjọ tí ó ní ogún ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú, kì í sáré kiri lóru. Ẹ tún bèèrè nípa hydroxyurea, oògùn tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ SS túbọ̀ pẹ́ kí ó tó run, tí kì í sì í gbé irin kankan wọlé. Wọ́n ti fi ṣe ìdènà rọpárọsẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Kano àti Kaduna, ìwádìí náà sì jáde ní 2022. Dókítà ni ó gbọdọ̀ máa ṣọ́ ẹni tí ó bá ń lò ó.

Ní ti oògùn tí ń yọ irin fúnra rẹ̀, mẹ́ta ni ó wà. Èyí tí ó pẹ́ jù ni deferoxamine, tí wọ́n rí lára kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú ilẹ̀, tí wọ́n sì ti ń lò láti bí 1960 sí 1970. Abẹ́rẹ́ ni, abẹ́ awọ ni ó ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, alẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ ro bí ó ti rí fún ọmọdé àti ìyá rẹ̀. Èkejì ni deferiprone, oníhóró tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Yúróòpù ní 1999. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá àrùn jà dín kù lójijì, nítorí náà bí ibà tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn bá mú ẹni tí ń lò ó, kí ó dá a dúró kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀kẹta ni deferasirox tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2005. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, irú kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu, wọ́n sì gbọdọ̀ máa yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ẹni tí ń lò ó wò. Owó rẹ̀ pọ̀. Ìgbìmọ̀ àánú ìjọ tí ó ń ra aṣọ ọdún fún opó lè ronú lórí rẹ̀ fún ìdílé kan.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà tàbí deferiprone, ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí i ní òwúrọ̀ pé ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí omi sobo. Ẹ̀jẹ̀ kọ́. Irin tí ó ń kúrò lára rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá sí lórí oògùn yìí tí ìtọ̀ rẹ̀ pupa tàbí tí ó dúdú bí kóòkì, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ dání kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà.